Màmá fẹ́ pààrọ̀ orúnkún: ohun tí ẹ ó ṣe kí ọjọ́ tó pé, àti nígbà tí wọ́n bá délé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin físíò wa. Ìjẹ̀bú-Òde ni màmá wa ń gbé, ẹni ọdún 68 ni wọ́n, aṣọ ni wọ́n ń tà. Orúnkún wọn méjèèjì ti bàjẹ́, ti ọ̀tún ló burú jù, ó ti tẹ̀ sóde. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Dókítà ti ní kí wọ́n wá pààrọ̀ ti ọ̀tún, àmọ́ àwọn ará àdúgbò ń sọ pé ṣe ni wọ́n fẹ́ gé ẹsẹ̀ wọn. Kí la máa ṣe sílẹ̀? Ìgbà wo ni wọ́n máa padà sí ṣọ́ọ̀bù? Ṣé wọ́n á lè forí kanlẹ̀ kírun? Àwa ọmọ mẹ́rin la wà, a sì ti pinnu pé wọn ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan, wọn ò ní sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì fún oṣù mẹ́ta gbáko.

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin ọmọ Alhaja, ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Gbólóhùn tó kẹ́yìn nínú lẹ́tà yín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí òun ló já mi láyà jù. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn tó pààrọ̀ orúnkún ṣe físíò, ìyẹn eré ìdárayá tí a fi ń tọ́jú egungun àti iṣan. Àwọn tí orúnkún wọn gan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe pé dókítà ò mọ iṣẹ́. Àwọn tí ọmọ wọn kẹ́ jù ni. Ìyá ò gbọdọ̀ dìde, ìyá ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, a gbé oúnjẹ lọ bá wọn níbùsùn, a ti ìrọ̀rí méjì sábẹ́ orúnkún wọn kí ara lè tù wọ́n. Ìfẹ́ ni gbogbo rẹ̀, mo mọ̀. Àmọ́ bí orúnkún bá ṣe lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa dúró. Oṣù mẹ́ta lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fagi lé e. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ náà tàbí àárọ̀ ọjọ́ kejì ni màmá máa dìde dúró.

Ní ti pé wọ́n fẹ́ gé ẹsẹ̀, kò sí ohun tó jọ ọ́. Níbi tí egungun itan ti pàdé egungun ojúgun, ohun funfun kan wà tó bo orí egungun méjèèjì, ó ń yọ̀ dáadáa, òun ni kì í jẹ́ kí egungun ha egungun. Ohun yẹn ló ti jẹ tán lẹ́sẹ̀ màmá, ó sì jẹ lápá kan ju èkejì lọ, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ fi tẹ̀ sóde. Dókítà á fá orí egungun tó ti jẹ náà kúrò, nǹkan bíi mìlímítà mẹ́jọ sí mẹ́wàá, kò tó ìbú ìka ọwọ́ kan. Lẹ́yìn náà ló máa fi irin dé orí egungun itan bí ẹni dé fìlà, á tẹ́ pèpéle irin sórí ojúgun, á wá fi ike líle tó ń yọ̀ sáàárín wọn. Ẹran ẹsẹ̀, iṣan, awọ, tiwọn náà ni. Bí ó bá sì ṣe ń ṣe é, ló ń to ẹsẹ̀ náà tọ́, tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ tó tẹ̀ á tún nà.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe tuntun. Láti nǹkan bí ọdún 1970 ni wọ́n ti ń ṣe irú èyí tí à ń lò lónìí, wọ́n sì ti ṣírò rẹ̀ pé nínú orúnkún mẹ́wàá tí wọ́n pààrọ̀, nǹkan bíi mẹ́jọ ló ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọdún 25. Fún ẹni ọdún 68, ìyẹn lè jẹ́ ìyókù ayé wọn. Mi ò ní tàn yín ṣá: nínú ẹni márùn-ún tó ṣe é, nǹkan bí ẹnì kan kì í ní ìtẹ́lọ́rùn tó retí. Lára wọn ni àwọn tó rò pé orúnkún ọmọ ogún ọdún ni wọ́n máa gbà. Ohun tí iṣẹ́ abẹ yìí ń mú kúrò ni ìrora tí kì í jẹ́ kí wọ́n sùn, tí kì í jẹ́ kí wọ́n rìn dé ìkángun àdúgbò.

Ní ti ìmúrasílẹ̀, ṣúgà ni kí ẹ kọ́kọ́ dojú kọ. Mi ò sọ ti àárọ̀ ọjọ́ kan tí ẹ fi ẹ̀rọ ilé wò o. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn, HbA1c ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ dókítà kì í fẹ́ gbé ọ̀bẹ bó bá ti ju 8 lọ, àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ fẹ́ kó kọjá 7.5. Egbò ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ga kì í tètè jiná, kòkòrò àrùn sì máa ń ráyè níbẹ̀. Bí kòkòrò bá wọ orúnkún tuntun, ara irin ló máa lọ lẹ̀ mọ́, oògùn nìkan kì í sábà lè lé e kúrò, ó lè di pé kí wọ́n tún ẹsẹ̀ là. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí ẹ sún ọjọ́ síwájú nítorí ṣúgà, ẹ má bínú, ẹ má sì wá ilé ìwòsàn tí kò ní béèrè lọ. Eyín tó ń dùn, egbò ẹsẹ̀, ìtọ̀ tó ń ta wọ́n, ẹ tọ́jú gbogbo rẹ̀ ṣáájú.

Bí màmá bá jẹ́ SS tàbí SC, ìyẹn bí wọ́n bá ní àrùn fọ̀níkú-fọ̀ládìde, ẹ rí i pé dókítà mọ̀ ṣáájú, kì í ṣe lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ. Àwọn kan dàgbà láìmọ̀ pé SC ni wọ́n. Omi ara wọn, atẹ́gùn tí wọ́n ń mí, títí kan okùn tí wọ́n fi ń fún itan kí ẹ̀jẹ̀ má baà ya, gbogbo rẹ̀ ló nílò ètò tirẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní kí ẹbí wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Kí ẹni tó lè ṣe é nínú yín ti mọ ara rẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ nìyí. Oògùn kan wà tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá kékeré, ẹ ó rí i lọ́jà àti ní ibùdókọ̀, hóró mẹ́rin sí márùn-ún aláwọ̀ oríṣiríṣi, wọ́n á ní ti ara ríro ni. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ní stẹ́rọ́ìdì nínú, bíi dexamethasone tàbí prednisolone. Ó máa ń tu àwọn ìyá lára lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fẹ́ fi í sílẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ti ń lò ó tipẹ́, ara rẹ̀ á ti dẹ́kun pípèsè irú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá wá kan ẹni bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà mọ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ débi tó léwu. Ẹ bi màmá léèrè jẹ́jẹ́, ẹ má bá wọn wí, kí wọ́n lè sọ òótọ́ fún yín. Ẹ má sì já oògùn náà gbà lọ́wọ́ wọn lójú ẹsẹ̀, torí dídá a dúró lójijì náà léwu. Ẹ mú ọ̀rá náà dání lọ fún dókítà tó ń fúnni lábẹ́rẹ́ oorun. Òun náà ló máa sọ èwo nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ṣúgà tí wọ́n máa lò láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Bí ẹnikẹ́ni bá ti gún wọn ní abẹ́rẹ́ sínú orúnkún yẹn láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ sọ ọ́, torí ó ń fa kí kòkòrò rọrùn láti wọlé. Àgbo, kí wọ́n dá a dúró ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Gbẹ́rẹ́ ńkọ́? Mi ò tíì rí orúnkún ìyá àgbà púpọ̀ tí kò ní gbẹ́rẹ́ lára. Èyí tó ti jiná kò ṣe nǹkan, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má sín tuntun. Ẹ má fá irun ẹsẹ̀ nílé pẹ̀lú. Abẹ fífá ń ṣá awọ láìjẹ́ pé ojú rí i.

Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá látòní. Kí wọ́n nà gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n fi ẹ̀yìn orúnkún tẹ bẹ́ẹ̀dì mọ́lẹ̀ bí ẹni fẹ́ tẹ èèrà pa, kí wọ́n ka ení dé àrún, kí wọ́n tú u sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ́sàn-án, ẹ̀ẹ̀mẹwàá lálẹ́. Kí wọ́n máa dìde lórí àga, kí wọ́n tún jókòó, láìgbára lé ọwọ́ bí wọ́n bá lè ṣe é. Iṣan iwájú itan ni eléyìí ń fún lókun, òun náà ló máa gbé wọn dìde lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Kí wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń fi wọ́kà, irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí a ń gbára lé, rìn pẹ̀lú, nígbà tí kò tíì sí ìrora tuntun.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ilé yín. Bí yàrá wọn bá wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ gbé e wá sísàlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì kéékèèké kúrò. Àga wọn gbọ́dọ̀ ga, kó ní apá tí wọ́n á fi gbéra; àga rírọ̀ tó ń gbé èèyàn mì ò dáa. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìlóṣòó kò ṣeé lò rárá. Ẹ wá àga tí wọ́n lu láàárín, tó ṣeé gbé lé orí sálángá. Ẹ̀yin náà mọ iná ilẹ̀ wa, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì sítòsí ibùsùn, torí òru tí wọ́n bá fẹ́ lọ tọ̀ ni wọ́n sábà máa ń ṣubú. Kí ìró wọn má kọjá ọrùn ẹsẹ̀. Sílípáàsì tí kò ní ẹ̀yìn, ẹ kó o pamọ́.

Ẹ béèrè owó kí ẹ tó san án. Òkè òkun ni irin orúnkún ti ń wá, bí dọ́là bá ṣe rìn lowó rẹ̀ ń rìn. Ẹ béèrè bóyá irin wà nínú iye tí wọ́n sọ, bóyá ẹ̀jẹ̀, oògùn àti físíò náà wà níbẹ̀. Ẹ béèrè iye orúnkún tí dókítà náà ń pààrọ̀ lọ́dún. Kì í ṣe àrífín, wọ́n mọ̀ pé ó tọ́ kí ẹ béèrè. Bí ẹ̀rù bá ṣì ń ba màmá, ẹ sọ fún wọn pé ilé ìwòsàn Igbóbì ní Èkó ti ń tọ́jú egungun láti 1945, nígbà tó jẹ́ pé àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Bí wọ́n bá ti parí iṣẹ́ abẹ, ẹ gba ìwé tí wọ́n lẹ àmì irin náà mọ́, tó ní orúkọ àti ìwọ̀n rẹ̀, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ bí ìwé ilẹ̀.

Ọjọ́ náà gan-an kò ní ìtàn púpọ̀. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n sábà máa ń fún wọn, tí á pa wọ́n lára láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀. Wọ́n lè gbọ́ ìró òòlù. Ẹ ti sọ fún wọn ṣáájú kó má baà já wọn láyà. Wákàtí kan sí méjì ni. Ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò kí wọ́n tó máa bọ̀ nílé.

Ilé ni iṣẹ́ wà. Mo lọ wo ìyá kan nílé lọ́sẹ̀ karùn-ún. Wọ́n dùbúlẹ̀, ìrọ̀rí méjì tí wọ́n fi aṣọ àǹkárá bò wà lábẹ́ orúnkún wọn, ọmọ wọn obìnrin jókòó tì wọ́n, ó ń fi òrí pa wọ́n lẹ́sẹ̀. Ilé mọ́ tónítóní, ọbẹ̀ ń ta sánsán. Mo yọ ìrọ̀rí náà. Ẹsẹ̀ ò bọ́ sílẹ̀. Ó dúró sókè lórí bẹ́ẹ̀dì bẹ́ẹ̀, mo di ẹ̀ṣẹ́ mi, mo tì í sábẹ́ orúnkún náà, kò kàn án. Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ó gbà wá ní oṣù mẹ́rin ká tó rí i tọ́, ẹkún ìyá náà láàárín oṣù mẹ́rin yẹn kò kéré, kò sì nà tán pátápátá títí dòní.

Nítorí náà, ìrọ̀rí kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ orúnkún, ní òru àti ní ọ̀sán. Abẹ́ gìgísẹ̀ ni kí ẹ fi nǹkan sí. Ẹ ká ìró kan kó le, ẹ tì í sábẹ́ gìgísẹ̀ wọn, kí orúnkún máa fi ìwúwo ara rẹ̀ wálẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹta sí mẹ́rin lójúmọ́. Yóò dùn wọ́n. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ ọjà, ẹ má yọ ọ́.

Lẹ́yìn nínà ni kíká. Bí orúnkún bá ká dé bí a ṣe ń jókòó sórí àga gẹ́lẹ́, ìyẹn digírì 90, a ń retí rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Láti rìn lásán, nǹkan bíi 70 tó. Láti gun àtẹ̀gùn, kó sún mọ́ 90. Láti dìde lórí àga tó rẹlẹ̀, kó ju 100 lọ. Kí wọ́n jókòó, kí wọ́n máa fa gìgísẹ̀ sẹ́yìn sábẹ́ àga díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí kò tíì tó 90, ẹ padà lọ bá dókítà kíákíá. Ó ṣì lè fún wọn lóorun kó fọwọ́ ká a. Bí ẹ bá fi falẹ̀ kọjá oṣù mẹ́ta, ọgbẹ́ inú á ti le, ọ̀nà yẹn á sì ti dí.

Ìrora máa pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, pàápàá lóru. Kí wọ́n lo oògùn ní àkókò rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí ó bá di pé wọ́n ń ké. Kí wọ́n lo ọ̀kan ní ààbọ̀ wákàtí ṣáájú eré ìdárayá. Parasitamọ́ọ̀lù oní-500 kò gbọdọ̀ ju hóró mẹ́jọ lọ lójúmọ́, ẹ sì ka èyí tó wà nínú oògùn mìíràn mọ́ ọn. Tramadol lè mú òòyì kọ́ wọn, kó sì dí wọn nígbẹ̀ẹ́. Ewédú, èso àti omi á ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ fi aṣọ wé yìnyín, ẹ gbé e lé orúnkún fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Omi gbígbóná, róòbù, òrí àti fífọwọ́ra, ẹ jẹ́ kó dúró ná. Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa mú olóògùn egungun kan wá pé ó mọ bí a ṣe ń na orúnkún. Ẹ dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kó fọwọ́ kàn án.

Kí ojú egbò gbẹ títí wọ́n á fi yọ okùn rẹ̀, láàárín ọjọ́ 10 sí 14. Kó wú díẹ̀, kó gbóná díẹ̀ fún oṣù mélòó kan, kì í ṣe àrùn. Ẹ̀gbẹ́ àpá náà á kú tipiri, ó sì lè máa dún kọ́kọ́ bí wọ́n bá ń rìn, ẹ má mikàn. Ohun tó yẹ kó gbé yín sáré ni kí omi tàbí ọyún máa jáde lójú egbò, kí ara wọn gbóná pẹ̀lú òtútù, kí ìrora tó ti ń lọ tún máa pọ̀ sí i. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ ni kí ẹ gbà lọ. Ẹ má ra oògùn apakòkòrò ní kẹ́míìsì kí wọ́n tó gba omi orúnkún náà yẹ̀ wò, torí oògùn yẹn máa ń fi kòkòrò pamọ́ fún ẹni tó ń wá a.

Ẹ̀jẹ̀ dídì ní ẹsẹ̀ ni èkejì. Wọ́n á fún wọn ní oògùn tí kò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè tó márùn-ún. Kí wọ́n lò ó tán, bí ara bá tilẹ̀ ti yá. Bí iṣan ẹ̀yìn ojúgun bá wú tó sì ń dùn wọ́n, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bí àyà bá ń dùn wọ́n tàbí èémí ń ké, ẹ má dúró rárá, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Àtẹ̀gùn ní òfin tirẹ̀: ẹsẹ̀ tó le ló ń kọ́kọ́ gòkè, ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe ló ń kọ́kọ́ sọ̀. Ọ̀pá wọn, ọwọ́ òsì ni kó wà, torí ẹsẹ̀ ọ̀tún ni wọ́n ṣe. Gbogbo èèyàn ló ń dì í sódì.

Ṣọ́ọ̀bù wọn, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí oṣù mẹ́ta, bó bá jẹ́ pé wọ́n á jókòó sórí àga gíga tí ẹlòmíràn á máa tú aṣọ. Kí wọ́n má jókòó ju ìṣẹ́jú 45 lọ láìdìde rìn díẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú tó gùn, bíi ti Hájì, kí wọ́n jẹ́ kó kọjá oṣù mẹ́ta. Irin náà á sì dún ní ẹ̀rọ pápákọ̀ òfuurufú.

Ìrun ńkọ́? Mo mọ̀ pé ìbéèrè yìí ló wà lọ́kàn màmá jù, bí ẹ̀yin lẹ tilẹ̀ kọ ọ́. Kíkúnlẹ̀ kì í ba irin jẹ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, bí dókítà bá gbà, wọ́n lè máa dán an wò lórí nǹkan rírọ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ òsì kúnlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá kì í fẹ́ràn bó ṣe ń rí lára wọn, torí ibi tó kú tipiri yẹn. Àmọ́ kí ìdí jókòó lé gìgísẹ̀, kíká tó ń béèrè pọ̀ ju ohun tí orúnkún tuntun sábà ń fúnni lọ. Kí wọ́n má fipá ṣe é. Ẹ̀sìn ti gbà kí ẹni tí kò lè dúró jókòó kírun, àga kan ní mọ́sálásí ti tó. Bí wọ́n bá fẹ́ kí àgbà tó jù wọ́n lọ níbi ìnáwó, kí wọ́n tẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ kan orúnkún òsì. Àgbà tó bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ á yára gbé wọn dìde.

Orúnkún òsì á dúró ná. Pẹ̀lú ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ló dáa, kí oṣù mẹ́ta ó kéré tán wà láàárín méjèèjì.

Ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ pín in báyìí: kí ẹnì kan mójú tó oògùn, kí ẹnì kan mójú tó ṣúgà, kí ẹnì kan máa bá wọn rìn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹni kẹrin, ẹni tí ọkàn rẹ̀ le jù nínú yín, tí ẹkún ìyá kì í tètè mú, òun ni kó máa ka iye fún wọn nígbà eré ìdárayá. Lọ́sẹ̀ kẹfà, ẹ kọ lẹ́tà sí mi, kí ẹ sọ ibi tí gìgísẹ̀ wọn dé lábẹ́ àga, àti bóyá ẹ̀ṣẹ́ yín ṣì ń wọ abẹ́ orúnkún náà.